Afárá Tó Wọ Àáró

Èmi ni mo fi owó iṣu rán Zakirou lọ sílé ìwé. Mo tètè ń sọ ọ́, nítorí àwọn ará Ìdí-Igbá fẹ́ràn kí wọ́n máa sọ pé ìjọba ló kọ́ ọ níwèé. Ìjọba wo? Ọdún tí bàbá wa kú, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni èmi Maïmounatou Àlúkò, Zakirou sì jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá. Mo gbé ọkọ́ bàbá wa, mo kọ ebè, mo gbin iṣu, mo rù ú dé Tchaourou, mo sì ra ìwé fún àbúrò mi. Nígbà tó lọ sí Cotonou, mo fi iṣu ránṣẹ́ sí i níbẹ̀. Nígbà tó sọdá òkun lọ kàwé sí i, tí iṣu kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́, mo fi àdúrà ránṣẹ́.

Ó wá di ohun tí àwọn Faransé ń pè ní philosophe. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo bi í pé irú iṣẹ́ wo nìyẹn. Ó ní iṣẹ́ kí èèyàn máa ronú ni. Mo bi í pé ṣé wọ́n ń sanwó fún un. Ó ní wọ́n ń sanwó. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì padà sóko.

Ohun tó fi ọgbọ̀n ọdún rò náà kò le, mo lè sọ ọ́ fún yín kí omi ọkà tó hó. Ó ní orílẹ̀-èdè kì í kú lọ́jọ́ tí ṣọ́jà bá wọ ààfin, kì í sì í kú lọ́jọ́ tí àpò ìjọba bá gbẹ. Ọjọ́ tí obìnrin kan bá dé bùrò ìjọba, tí akọ̀wé kò bi í pé "Kí lẹ fẹ́?" bí kò ṣe "Ta ló rán yín wá?", ọjọ́ náà ni ikú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìyá ń bọ́ ọmọ rẹ̀, ẹbí ń ran ẹbí lọ́wọ́. Ìyẹn wà kí ìjọba tó dé. Ohun tí à ń ṣe fún ẹni tí a kò mọ̀, tí a kò sì ní mọ̀ láéláé, òun ló ń jẹ́ ìjọba: ọ̀nà, kànga, òfin, ilé ìwòsàn. Bó bá ti di pé ẹni tí a mọ̀ nìkan là ń ṣe é fún, ilé wa lè máa dára sí i, ṣùgbọ́n ìlú ti ń wó lọ. Ó tún ní kì í ṣe ààfin ni àtúnkọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ara ohun kékeré kan ló ti ń bẹ̀rẹ̀, tí gbogbo ojú ń rí, tí kì í sì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo.

Torí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n pè é sí Dakar, wọ́n pè é sí Paris. Àwọn ọ̀dọ́ ń jiyàn lé e lórí rédíò. Mo máa ń gbé rédíò mi dání lọ sóko, bí mo bá sì gbọ́ orúkọ rẹ̀, màá dá ọkọ́ dúró, màá pariwo fún àwọn tó wà lóko kejì pé àbúrò mi ni wọ́n ń pè yẹn. Wọ́n ní mo ń ṣe fáàrí. Ẹni tó bá ní irú àbúrò bẹ́ẹ̀, kó wá bá mi sọ̀rọ̀.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ilé ló wá. Ó gbé ìwé kan dání tó ti kọ tán, ìwé lórí bí a ṣe lè tún ìlú tó wó kọ́. Àwọn atẹ̀wé ń dúró dè é. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń pè é lórí fóònù tó, kò gbé ìwé náà fún wọn. Mo bi í pé kí ló dé.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí mi ò bá lè fi afárá kan ṣoṣo hàn nílé bàbá mi, afárá tó la ìgbà òjò kan já láìsí ọwọ́ mi nínú rẹ̀, a jẹ́ pé irọ́ ni mo kọ. Mi ò sì ní fi irọ́ lé àwọn ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́."

Ó mọ ìdí tó fi dárúkọ afárá. Odò tó wà láàárín Ìdí-Igbá àti ọ̀nà Tchaourou kì í ṣe odò nígbà ẹ̀rùn. Ewúrẹ́ ń sùn nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá di oṣù kẹjọ, á kún dé àyà ọkùnrin. Àwọn ọmọ wa kì í lè dé ilé ìwé. Iṣu tuntun á jókòó sílé títí á fi hù. Igi méjì tí a gbé dábùú rẹ̀ ni àwọn tó láyà ń gbà kọjá, àwọn tí kò láyà á jókòó sílé.

Zakirou bá pe ọ̀wẹ̀. Ẹ ṣáà mọ ọ̀wẹ̀: ẹni tó ni iṣẹ́ ló ń pè é, òun náà ló sì ń bọ́ àwọn tó bá wá. Ó pa àgbò méjì. Èmi fúnra mi ni mo gún iyán, mo gún un títí apá mi fi wú. Gbogbo ilé tó wà níhìn-ín àti lódì kejì odò ló jáde. Wọ́n la igi tíkì, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n kan pákó, ọjọ́ kẹrin ni afárá dúró. Àmírà ọmọ ọmọ mi sá kọjá lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń pariwo. Zakirou dúró létí odò, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé tí wọ́n ra bàtà fún. Inú mi dùn débi pé mo jó láìsí ìlù.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, pákó kan ṣẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ẹni mẹ́fà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ló wá kan ilẹ̀kùn wa. "Tonton, ẹ káàárọ̀ o. Pákó yín ti ṣẹ́." Zakirou dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ó mú òòlù, ó lọ kàn án fúnra rẹ̀, ó sì fi òòlù gbá àtàǹpàkò ara rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n tún dé: "Tonton, màlúù ti ba ẹ̀gbẹ́ afárá yín jẹ́." Ó tún lọ. Ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. Èmi ti dẹ́kun ẹ̀rín, nítorí pé mo ń gbọ́ "yín" yẹn, kò sì dùn létí mi.

Oṣù kẹjọ ọdún náà kò tíì parí nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún un ní Parakou. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò níbẹ̀, èmi náà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Nígbà tí mo padà délé, afárá ti lọ. Ikán ló jẹ ìdí òpó kan, orí afárá yẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀. Odidi ọjọ́ márùn-ún ló fi wà bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin mẹ́ta ì bá tì í padà, kí wọ́n fi okùn dì í. Wọ́n ń wò ó. Wọ́n ń kọjá lára rẹ̀ tìṣọ́ratìṣọ́ra. Lọ́jọ́ kẹfà, òjò ńlá rọ̀, odò sì gbé gbogbo rẹ̀ lọ.

Mo lọ bá Àkàndé. Àkàndé ni olórí àáró wa, ọkùnrin tó mọ iṣẹ́, tó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, tí kì í jalè, tí kì í purọ́. Mo bi í pé ṣé ojú rẹ̀ fọ́ ni.

Ó wò mí tìyanutìyanu. Ó ní, "Tata, mais Tonton ò sí nílé. Ẹlẹ́rù ní í gbẹ́rù kí a tó bá a ké ọfẹ. Ṣé ká wá wọ inú nǹkan onínǹkan, ká máa tún un ṣe lẹ́yìn rẹ̀? Àbùkù nìyẹn máa jẹ́ fún un. Ohun tá a ṣe ni pé a ò jẹ́ kí àwọn ọmọ fọwọ́ kàn án."

Ẹ gbọ́ o. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń bù fún àbúrò mi!

Nígbà tí Zakirou dé, òwú ṣì wà lójú rẹ̀ kan. Ó fi ojú kejì wo odò. Ó wọlé, ó fi okùn di ìwé rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í to aṣọ sínú báàgì. Ó ní òun máa padà sí Cotonou, òun máa kọ̀wé sí àwọn atẹ̀wé pé kí wọ́n má dúró de òun mọ́.

Inú bí mi. Mo bínú sí odò, mo bínú sí Àkàndé, mo bínú sí Zakirou pàápàá, ẹni tí wọ́n ń sanwó fún pé kó máa ronú, tí kò sì ronú èyí já. Àmọ́ lábẹ́ ìbínú yẹn, ẹkún ló wà níbẹ̀. Ogójì ọdún ó lé ni mo fi dúró de ọmọ yìí kó padà wálé. Mo ní kó fún mi lọ́jọ́ mẹ́ta. Ó fún mi, torí pé èmi ni ẹ̀gbọ́n.

Lọ́jọ́ kejì, àáró kàn mí. Ilé méjìlá ni wá nínú àáró náà. Lónìí gbogbo wa á lọ sóko lágbájá, lọ́la sóko tàmẹ̀dù, títí á fi yí ká. Àáró kì í ṣe ọ̀wẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń pa àgbò fún ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ la fi ń san iṣẹ́. Oníkálukú gbé ọkọ́ rẹ̀ àti omi rẹ̀ wá. Mo dúró, mo ń wò wọ́n. Ní ìkángun oko, níbi tí mi ò lè rí dáadáa, Àkàndé ń tún ebè kan tó wọ́ ṣe. Òun kọ́ ló kọ ọ́. Mo rìn lọ bá a.

Mo ní, "Àkàndé, oko ta nìyí?"

"Tiyín ni, Tata."

"Ebè tí o kọ nìyẹn?"

"Rárá o."

"Ta ló ní kí o tún un ṣe?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Tata náà! Ọ̀tunla kọ́ ni tèmi ni? Bí mo bá fi tiyín sílẹ̀ báyìí, tèmi ni mo fi sílẹ̀ yẹn."

Mo ju ọkọ́ sílẹ̀. Mo pàtẹ́wọ́ kí gbogbo wọn sún mọ́ mi, wọ́n sì rò pé ejò ni mo rí. Mo sọ fún wọn pé mo fẹ́ mú ẹnì kan wọ àáró. Wọ́n bi mí pé ta ni. Mo ní afárá.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí ẹnì kan fi jókòó sílẹ̀. Mo jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán.

Mo ní, "Àbúrò mi ṣe àṣìṣe, èmi náà bá a ṣe é. Ó pe ọ̀wẹ̀, mo gún iyán, ẹ jẹun, afárá bá di tirẹ̀. Ẹ̀bi yín kọ́. Bá a ṣe ń ṣe é láti ilẹ̀ wá nìyẹn. Àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó máa pè yín, kò sẹ́ni tó máa sebẹ̀. Ẹ jẹ́ kí afárá jẹ́ ìkẹtàlá wa. Bí àáró bá ti kan ilé kejìlá, kó kan òun, ká lọ ṣiṣẹ́ rẹ̀."

Àkàndé kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó fi ọwọ́ nu òógùn. Ó ní, "Bon, Tata, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹ àáró tí kò san án, olè là ń pè é. Afárá ò lọ́wọ́, kò lẹ́sẹ̀. Báwo ló ṣe máa san tiwa?"

Ìbéèrè gidi nìyẹn, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ fún un. Mo ní, "Àkàndé, ìgbà tí ìyàwó rẹ rọbí lẹ́nu àìpẹ́ yìí, kí afárá tó lọ, níbo lẹ gbé e gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn agbẹ̀bí?"

"Orí afárá ni."

"Ta ló gbé yín?"

Ó yíjú síhà ibi tí odò wà.

Mo ní, "Ojoojúmọ́ ló ń san tirẹ̀, títí kan ọjọ́ tí àwa bá ń sinmi. Àwa gan-an la jẹ ẹ́ ní gbèsè. Àwọn tí ẹ ò mọ̀ tó ń kọjá níbẹ̀, àwọn Fúlàní, àwọn ará Sanson, àwọn oníṣòwò, iṣẹ́ tí òun ń bá wa ṣe fún wọn nìyẹn."

Ẹ̀fúùfù fẹ́ kọjá lórí ewé iṣu. Obìnrin kan ní òun gbà. Ẹlòmíràn ní òun gbà. Àkàndé wo ilẹ̀, ó wo ọ̀run, ó wá sọ̀rọ̀ bí olórí: "D'accord. Òun ni ìkẹtàlá. Òun ló kéré jù, òun ló máa gbẹ̀yìn. Ẹni tí kò bá wá lọ́jọ́ rẹ̀, òun nìkan ló máa dá iṣẹ́ tó kù ṣe, bá a ṣe ń ṣe fún oko ẹnikẹ́ni." Lódì kejì odò, wọ́n gbọ́, wọ́n sì fi í sínú àáró tiwọn náà. Wọn ò fẹ́ kí wọ́n sọ pé àwa gbọ́n jù wọ́n lọ.

Mo délé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Zakirou. Ó ń gbọ́, ó dúró bí igi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún un sọ." Mo tún un sọ. Ó wá jókòó sórí báàgì tó ti dì.

Ó ní, "Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń bá àwọn tó sọ ìlú di tiwọn wí. Èmi náà ni mo wá pa àgbò méjì." Ẹlẹ́jọ́ tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀, bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, kò wá àwáwí kankan. Lẹ́yìn náà ló fò dìde, ó ń wá ọkọ́. Ó ní òun náà máa wọ àáró, lọ́la gan-an.

Ohun tó kàn tí mo sọ ni ọ̀rọ̀ tó le jù lọ tí ẹnu mi tíì sọ. Mo ní, "Rárá. Cotonou ni wàá lọ. Ọdún kan."

Ó wò mí.

Mo ní, "Bí o bá wà níbí, tìrẹ ni wọ́n á tún máa pè é. Àwọn èèyàn yìí fẹ́ràn rẹ jù. Lọ. Má pè mí bi mí léèrè rẹ̀. Bó bá wó, wàá bá a ní wíwó."

Ó mọ ohun tó ń ná mi. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, ọkùnrin tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ní Paris, ó dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ní òwúrọ̀, ó fẹsẹ̀ la odò kọjá, ó gun alùpùpù zémìjàn lódì kejì, ó lọ. Mo wọ yàrá, mo sunkún bí mo ṣe fẹ́.

Nígbà tí odò gbẹ, a kọ́ afárá míì. Kò sí àgbò. Ó gba ọ̀sẹ̀ méje, nítorí pé ọjọ́ kan ṣoṣo ló ní nínú mẹ́tàlá. Àwọn kan kùn. Ọkùnrin kan kò wá nígbà tó kàn án, Àkàndé sì rí i dájú pé òun nìkan ló ru ogún òkúta ní ọjọ́ kejì, ojú gbogbo wa ló sì ti rù ú. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó pa ọjọ́ rẹ̀ jẹ mọ́. A fi epo dúdú kun ìdí òpó nítorí ikán. Òjò dé, odò kún, ó lu afárá láti ọ̀tún, ó lù ú láti òsì. Gbogbo ọjọ́ mẹ́tàlá-mẹ́tàlá la ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Zakirou ń pè mí lórí fóònù, ó ń bi mí nípa orúnkún mi, ó ń bi mí nípa Àmírà, nípa ewúrẹ́ pàápàá. Kò bi mí nípa afárá. Mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń gbé e mì.

Ọjọ́ tí ọdún pé kò bá ọjọ́ àáró afárá mu, ṣùgbọ́n ọkọ̀ Zakirou bàjẹ́ lọ́nà, ó sùn sí Savè, ọjọ́ kejì ló tó dé. Ọjọ́ kejì yẹn ni ti afárá. Gbogbo wa ló wà níbẹ̀. Chadia ló kàn láti darí iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ìyàwó ọmọ Àkàndé ni, láti Alafiarou ni wọ́n ti gbé e wá lẹ́yìn tí Zakirou lọ, ọmọ ọdún méjìlélógún, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. A ti ṣí pákó mẹ́ta kúrò, a fẹ́ fi tuntun sí i, nígbà tí mo gbọ́ ariwo zémìjàn lódì kejì. Mo gbójú sókè. Àbúrò mi ni.

Kó tó di pé mo lanu, Chadia ti na ọwọ́ sókè.

Ó ní, "Ẹ dúró! Ẹ pa ẹ̀rọ yẹn. Ẹnikẹ́ni ò ní kọjá báyìí."

Zakirou ní, "Ẹ kúuṣẹ́ o. Ọmọ mi, ọ̀nà jíjìn ni mo ti ń bọ̀. Jẹ́ kí n rọra gba ẹ̀gbẹ́. Mo mọ afárá yìí dáadáa."

"Bàbá, ẹ má bínú o. Ká ní ẹ mọ̀ ọ́n ni, ẹ ò bá ti mọ̀ pé òní ni àáró rẹ̀. Afárá wa là ń tún ṣe. Ẹ jókòó sábẹ́ igi yẹn, tàbí kí ẹ sọ̀kalẹ̀ wá bá wa di pákó mú, kó lè yá."

Òòlù gbogbo dúró. Àkàndé la ẹnu láti sọ ẹni tí ọkùnrin náà jẹ́ fún ìyàwó ọmọ rẹ̀. Zakirou mi orí sí i pé kó dákẹ́. Ó sọ̀kalẹ̀. Ó bọ́ agbádá rẹ̀, ó fi lé ọlọ́kadà lọ́wọ́, ó kúnlẹ̀ sórí afárá, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di pákó mú.

Chadia gbé òòlù. Ó ní, "Ẹ dì í mú gírí, bàbá."

Ó dì í mú gírí. Ó di èkejì mú, ó di ẹ̀kẹta mú. Nígbà tí wọ́n kàn án tán, Chadia dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá, ó sì yíjú síbi iṣẹ́ míì. Àbúrò mi rìn wá bá mi. Ojú rẹ̀ méjèèjì, àti èyí tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, ń da omi. Mi ò tíì rí i kó ga tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mo ní, "Ìwé ńkọ́?"

Ó ní, "Lọ́la ni mo máa gbé e fún wọn. Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ti gba afárá náà lọ́wọ́ mi."